Abọ́bakú Tí Kò Fárí

Orí méjì ni wọ́n ní kí n pọ́n idà dè lọ́jọ́ náà, orí ẹ̀gbọ́n àti orí àbúrò, ọmọ ìyá kan náà.

Roku lorúkọ mi. Ọdún kẹtàlélógún nìyí tí mo ti ń ṣe tẹ̀tù ní ààfin Aminose. Àwọn èèyàn kì í bá mi jẹun. Bí mo bá gba ojú pópó kọjá, àwọn ìyá á fọwọ́ bo ojú ọmọ wọn, ṣùgbọ́n bí àwọn fúnra wọn bá ń jà, èmi náà ni wọ́n fi ń ṣépè fún ara wọn: "Ọwọ́ Roku ni wàá kú sí!" Wọ́n kú iṣẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe idà nìkan ni iṣẹ́ mi. Abẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ mú. Irun ẹ̀yìn ọrùn a máa jẹ́ kí idà yọ̀, bí idà bá sì yọ̀, mo ní láti tún un ṣe, ẹni tó wà lórí ẹní á sì máa ké. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń fá ẹ̀yìn ọrùn wọn mọ́ kí n tó gbé idà. Àánú tí mo ní ò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ keje tí ọba wa wàjà nìyẹn. Ní ìdájí ni wọ́n bá Shiozaki Tatewaki, olórí gbogbo ìjòyè, nínú yàrá rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ nínú aṣọ funfun, ikùn rẹ̀ là, ọ̀fun rẹ̀ lu, ọ̀bẹ wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí àwọn abọ́bakú ilẹ̀ wa ṣe máa ń ṣe é. Ó fi ìwé ìdágbére sílẹ̀ pé òun ti bá ọba òun lọ.

Láyé ijọ́un, ògo ni kéèyàn jẹ́ abọ́bakú. Ẹni bá bá ọba lọ, ọmọ rẹ̀ ń joyè ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ keje yẹn kan náà, Murai Zusho, igbákejì Tatewaki, ka òfin tuntun kan tó ti Edo wá, ìlú olórí ogun tó ń pàṣẹ fún gbogbo ọba ilẹ̀ wa, sí gbogbo wa létí ní àgbàlá ààfin: ẹni tó bá bá ọba kú, kí wọ́n bẹ́ orí gbogbo ọmọkùnrin rẹ̀, kí wọ́n sì pa ilé rẹ̀ rẹ́. Bó ṣe ká ìwé náà tán, ó nàka sí àwọn ọmọ Tatewaki méjèèjì.

"Ẹ mú wọn."

Gennojo, ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wó lulẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Yasuma, àbúrò, tí kò ju ogún ọdún lọ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó gbọn eruku kúrò lára rẹ̀. Èmi wo ọrùn wọn. Ìwà iṣẹ́ ni, ẹ má bínú. Irun ti bo ọrùn Yasuma, iwájú orí rẹ̀ tí a máa ń fá náà sì ti hù ṣákaṣàka bíi ti gbogbo wa, torí ẹnikẹ́ni kì í fárí nígbà ọ̀fọ̀ ọba. Ti Gennojo ń dán. Mo ní, ó dáa, iṣẹ́ kan ti dín. Mi ò rò ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi fi jẹ́ tẹ̀tù, tí Tokita Sanai sì fi jẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́.

*

Sanai dé nígbà tí mo ń tẹ́ ẹní. Ẹni ọgọ́ta ọdún, ó kúrú, orúnkún ọ̀tún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì máa ń fi kóró èso kíkan kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, tó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó wo ẹní, ó wò mí, ó wo Murai.

"Ìjòyè Murai, kí ni tẹ̀tù ń ṣe níhìn-ín nígbà tí èmi ò tíì rí òkú?"

"Òkú ti kọ̀wé sílẹ̀. Kí lo tún fẹ́ rí?"

"Mo kàn fẹ́ kí i pé ó kú ọjọ́ mẹ́ta."

Murai ò rẹ́rìn-ín. Sanai fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ bí ẹní ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí ló ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ní ààfin, oyè là ń kí, a kì í kí ewú.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ońṣẹ́ Edo wà nílé àlejò. Bí agogo ìrọ̀lẹ́ bá dún, ó ń gbé ìròyìn wa lọ. Bí àwọn Edo bá rò pé a bo abọ́bakú mọ́lẹ̀, wọ́n á gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ ọba tuntun, gbogbo wa á di alárìnkiri. Orí méjì ò pọ̀ jù láti fi gba ìlú."

"Bó bá jẹ́ pé wọ́n pa á ńkọ́? Òfin abọ́bakú ń pa gbogbo ọmọ. Òfin apànìyàn, apànìyàn nìkan ló ń pa."

"Mú apànìyàn náà wá nígbà náà. Ká lọ sọ pé wọ́n pa á ká má sì mọ ẹni tó pa á, ẹ̀tàn ni lójú Edo." Murai na ọwọ́ sí ẹní mi. "Títí di agogo ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, Roku á ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Sanai yí sí mi. "Roku, gbé idà ẹ, ká lọ. O mọ ẹ̀jẹ̀ jù mí lọ."

"Bàbá, mi ò tíì tẹ́ ẹní tán."

"Ẹní ò ní sá lọ."

*

Yàrá Tatewaki ò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Ọkùnrin náà le ju òkúta lọ. Ọbẹ̀ olómi kan àti ewébẹ̀ kan ló ń jẹ lójoojúmọ́, òun tí ìrẹsì ẹgbẹ̀rún agbo ilé ń wọlé fún. Kì í sùn kó kẹ̀yìn sí ààfin. Mo ti bẹ́ orí mọ́kàndínlógún lórí òǹtẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti obìnrin kan tí ó jí ẹ̀wù. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ipò sílẹ̀ fún ọmọ wọn, òun ò gbà. Gennojo tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, bàtà bàbá rẹ̀ ló ṣì ń gbé tẹ̀ lé e lọ sí ìgbìmọ̀. Mi ò lè parọ́ pé ojú mi rọ omi fún Tatewaki.

"Sọ ohun tí o rí," ni Sanai wí.

Mo kúnlẹ̀. Kò gbà mí lásìkò.

"Ọ̀fun ni wọ́n kọ́kọ́ gún. Ẹ wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rin aṣọ tó wọ̀ sábẹ́ dé ìbàdí. Ti ikùn, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ò kún ife tíì. Òkú ni wọ́n la nínú."

"Ta ni ń gún ara rẹ̀ lọ́fun, tó kú, tó wá jí padà láti la ikùn?"

"Ẹni náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Ó fọwọ́ kan aṣọ funfun náà. Apá ọ̀tún ló bo apá òsì, bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ fún òkú. Ẹni tó wà láàyè, òsì ló ń fi bo ọ̀tún.

"Bóyá ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé òun ń kú lọ," mo ní.

"Bóyá. Tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó dojú kọ ọ́ ló wọ̀ ọ́ fún un, tí ọwọ́ rẹ̀ sì yí." Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ ra iwájú orí òkú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ ra ológbò lára. Irun ọjọ́ méje ń ta á lọ́wọ́. "Roku, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kú, kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Á wẹ̀. Á fárí. Á pààrọ̀ aṣọ."

"Tatewaki tí kì í jáde lọ sí àgbàlá láìtún bàtà wò lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ lọ bá ọba lọ́run pẹ̀lú orí yìí?"

Ó mú ìwé ìdágbére, ó kà á jáde. Kò gùn. Ó ní òun ò lè gbé ayé tí ọba òun ò sí. Ó wá parí rẹ̀ báyìí: *Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú rere wo Gennojo ọmọ mi, bí ẹ ti fi wo àwọn ọmọ àwọn tó bá ọba àná lọ.* Òǹtẹ̀ Tatewaki wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òǹtẹ̀ ọ̀hún so mọ́ ògiri, ẹnikẹ́ni tó bá wọ yàrá lè lò ó.

Sanai kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tu kóró ẹnu rẹ̀ sí ọwọ́, ó tún dá a padà.

*

Aṣọ́nà ẹ̀yìnkùlé ló fún wa ní ìjòyè láti lépa. Ó bojú wẹ̀yìn kó tó sọ ọ́. Murai Zusho ni ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé ní ìrọ̀lẹ́ àná, òun nìkan, kò mú ìránṣẹ́ dání.

Inú mi dùn, mi ò sì fi pa mọ́. Mo ní, "Bàbá, ó ti tán. Ẹni tó ń kánjú bẹ́ orí àwọn ọmọ ló pa bàbá."

"Ẹsẹ̀ rẹ ti yá jù. Jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fi idà lé itan níbi tí gbogbo wọn á ti máa rí i."

Murai wọlé, ó bá Sanai níjókòó, ó jókòó sí òkè rẹ̀.

"Ìjòyè, kí lẹ wá ṣe níhìn-ín ní ìrọ̀lẹ́ àná?"

"Mo wá bẹ ẹni tó kú. Ọjọ́ kẹwàá rèé tí òfin Edo ti dé. Òun fúnra rẹ̀ ló tú èdìdì ìwé náà. Àwa ìjòyè mẹ́fà la kà á, a sì búra pé a ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó tàbí ọmọ, torí ọba wà lórí àìsàn. Ta ló máa dúró lẹ́bàá ibùsùn ọba kó máa pariwo òfin abọ́bakú? Bí ẹni tó ń ṣépè fún un ni. A ní ó di ọjọ́ keje. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé ká má dúró mọ́, káwọn ọmọdé kan má lọ pa ara wọn."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ìbúra ni ìbúra. Ó ní kí n jáde."

"Ẹ sì kórìíra rẹ̀."

"Kò sí ẹni tí kò kórìíra rẹ̀. Bí ìkórìíra bá ń pààyàn, ìbá ti kú tipẹ́." Ojú Murai pọ́n. "Mo mọ ohun tí o ń rò. Ọmọ abọ́bakú lèmi náà. Bàbá mi bá ọba àná lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ààfin láti wá gba ife lọ́wọ́ ọba tuntun. Irun ọ̀fọ̀ wà lórí mi, orí mi rí wúruwùru bí ìtẹ́ ẹyẹ. Níwájú gbogbo ìjòyè, ọba tuntun ọ̀hún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wàjà yìí, bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé, ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi. Béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti bá mi mutí, kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà."

Kóró ẹnu Sanai dúró.

"Gennojo ti bá yín mutí rí?"

"Kò sí ìgbà tí kì í bá mi mu. Ó fẹ́ràn ìtàn yẹn, á ní kí n tún un sọ."

"Ẹ ṣeun, Ìjòyè. Ẹ lè máa lọ."

Nígbà tó jáde, inú bí mi. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ?"

"Roku, ronú. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ń tọrọ ojú rere fún ọmọ abọ́bakú. Kò mọ̀ pé òfin ti yí. Tatewaki mọ̀, òun ló tú ìwé òfin náà. Bó bá la ikùn ara rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bẹ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Murai mọ̀. Bí Murai bá fẹ́ purọ́ mọ́ òkú, ṣé irọ́ tí àwọn ìjòyè yòókù á já kí wọ́n tó kà á tán ló máa pa? Ẹni tó pa ọkùnrin yìí ò pa á láti ba ilé Shiozaki jẹ́. Ó pa á láti gbé e ga." Ó fọwọ́ ra orúnkún. "Ìlú yìí nìkan ni irú àṣìṣe yìí ti lè ṣẹlẹ̀, níbi tí a ti ń bo òfin mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀. Lọ mú Gennojo wá."

*

Gennojo ti rí ara rẹ̀ gbà padà. Ó dára lọ́kùnrin, ó mọ̀ ọ́n. Ó wo idà lórí itan mi lẹ́ẹ̀kan, kò wò ó mọ́.

"Murai ni," ló kọ́kọ́ sọ. "Bàbá Sanai, ẹ ò rí i ni? Gbogbo ayé mọ̀ pé ọ̀tá bàbá mi ni."

"Mo ti rò ó. Ìgbà wo lo rí bàbá rẹ kẹ́yìn láàyè?"

"Nígbà oúnjẹ alẹ́. Ó ní ọbẹ̀ tutù jù. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn."

"Ó máa ń bá ọ wí?"

"Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo ń gbé bàtà." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó rọ̀ ọ́ sílẹ̀. "Bàbá ni. Bàbá ń bá ọmọ wí."

"Òótọ́ ni. Orí rẹ mọ́ o. Àwa yòókù rí bí ẹ̀gún."

Gennojo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Mo fá a láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo rí òkú. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá mi ni."

"Ìwọ fúnra rẹ lo fá a?"

"Èmi ni."

"Àti ẹ̀yìn ọrùn?"

Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. "Àti ẹ̀yìn ọrùn."

"O kú ọwọ́ gígùn," ni Sanai wí, ó sì ní kí wọ́n mú un lọ sí yàrá kejì.

*

Sanai ní kí wọ́n gbé omi tíì gbígbóná fún Yasuma. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún un. Mo ti bá a rìn tó láti mọ̀ pé ìgbà tó bá ń ṣe jẹ́jẹ́ ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù rẹ̀.

"Mu, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Rárá, Bàbá. Tí mo bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, kò séwu."

"O fẹ́ràn rẹ̀."

"Òun ló tọ́ mi. Bí bàbá wa bá ní kí n kúnlẹ̀ sí ìta nínú yìnyín, ẹ̀gbọ́n mi á jáde wá kúnlẹ̀ tì mí. Kò jẹ̀bi o, á kàn wá."

Sanai mi orí. "Nínú ilé yín, ta ló ń fárí fún ta ni?"

"Èmi ń fá tiẹ̀, òun ń fá tèmi. Bàbá wa kì í jẹ́ kí ìránṣẹ́ mú abẹ dé ọrùn ẹnikẹ́ni nílé yìí."

"Ọwọ́ rẹ dáa. Mo wo ti Gennojo, kò sí ibi tó họ."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ó ní kí n fara balẹ̀ ṣe é. Ó ní kí n má fi ẹ̀yìn ọrùn sílẹ̀. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, èèwọ̀ ni, ọ̀la ni ọjọ́ keje.' Ó ní ó ń yún òun, pé kí n máa fá a lọ, kí Bàbá má rí wa."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó we aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́ ọn títí dalẹ́ kí Bàbá má..."

Ife ọwọ́ rẹ̀ dúró ní àárín méjì. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe padà lọ bá a, bí ẹni tó ju òkúta sókè tí kò sá.

"Òní ni," ló wí. "Mo ṣi í sọ. Òní ni, Bàbá. Láàárọ̀ yìí."

"Yasuma."

"Mi ò mọ ọjọ́ mọ́. Mi ò sùn. Òní ni!"

"Ẹni tó ní òun ń lọ kú kò fárí," ni Sanai wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tí kò yẹ kó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa kú ti fárí sílẹ̀ ní ọ̀sán àná, nítorí kò fẹ́ kí ọba tuntun fi òun rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá pè é láti wá gba ife."

Ọmọ náà da tíì lé itan ara rẹ̀. Ó gbóná, àmọ́ kò dà bíi pé ó mọ̀.

*

Sanai kó gbogbo wọn sójú kan: Murai lókè, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nísàlẹ̀, èmi lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbé ohùn sókè.

Gennojo kọ́kọ́ sẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo Yasuma.

"Ìwọ lo sọ fún wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ní òní ni. Mo ti ní mo ṣi í sọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn!"

"Òmùgọ̀," ni Gennojo wí. Ó yí sí Murai, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó dà bí ohùn bàbá rẹ̀ gan-an. "Ìjòyè, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ẹ kọ ọ́ pé abọ́bakú ni. Ẹ bẹ́ àwa méjèèjì, ká parí ẹ̀. Ó sàn kí ilé Shiozaki parẹ́ pẹ̀lú òkìkí ju kí wọ́n máa pè é ní ilé ọmọ tó pa bàbá rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Yasuma wí kíá. "Mo gbà."

Mo ti rí ìwà ìkà nínú iṣẹ́ mi, ẹ má jẹ́ n purọ́, èmi náà ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yẹn ṣe fi orí àbúrò rẹ̀ lé tirẹ̀, bí ẹni fi ènì lé ọjà, ó kó mi nírìíra. Ó ti mọ̀ láti àárọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu òun á tú ọmọ náà sílẹ̀. Ó dákẹ́, ó ń jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku lára òun.

Sanai ló sún mọ́ Gennojo, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

"O mọ ohun tí a ń ṣe fún ẹni tó pa bàbá rẹ̀? Etí odò ni. Wọ́n á dè ọ́ mọ́ igi, wọ́n á ya ẹsẹ̀ rẹ. Ọkùnrin méjì á mú ọ̀kọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n á ti ìhà rẹ gún un lọ sókè. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó pẹ́ jù tí mo rí, ó gba ọ̀kọ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó tó dákẹ́. Wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ẹyẹ odò ò sì ń dúró kí èèyàn kú tán. Mo ti ní ẹ̀rí. Bí o kò bá tiẹ̀ kọ̀wé, màá dè ọ́ mọ́gi. Àmọ́ bí o bá kọ ọ́ fúnra rẹ pé ìwọ lo pa á, tí o tẹ ọwọ́ rẹ sí i, kí ońṣẹ́ Edo rí i, màá bẹ Ìjòyè Murai pé kó fi ọ́ fún Roku. Ọwọ́ Roku yá."

Gennojo wò mí. Fún ìgbà kejì, ó wo idà.

"Ìjòyè gbà?" ló bi í.

"Mo gbà," ni Murai wí. Kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìtàn rẹ̀ ni wọ́n fi pààyàn, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Ẹ gbé yíǹkì wá."

Yasuma ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n, nítorí mi? Ẹ má ṣe é nítorí mi!"

Gennojo ò dá a lóhùn. Ó ti ń kọ̀wé. Yíǹkì ń ta sí ara ẹní, mo sì gbóòórùn ìtọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ti tọ̀ sára.

*

Agogo ìrọ̀lẹ́ ò tíì dún nígbà tó kúnlẹ̀ lórí ẹní mi. Ẹní kan ṣoṣo. Mo ti ká èkejì kúrò.

Mo mú abẹ jáde láti inú àpò, mo fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, mo fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀. Mo wò ó, mo tún wò ó. Kò sí ibi tí màá fá. Irun kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Mo dá abẹ padà sínú àpò.

"Ṣé á dùn mí?" ló bi mí.

"Rárá."

"Sọ fún mi kí o tó ṣe é."

"Ó dáa," mo ní. Mi ò sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Ońṣẹ́ Edo gbé ìwé náà lọ. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún Yasuma, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún un, wọ́n ní bí ọ̀fọ̀ bá tán kó wá sí ààfin wá jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ ń jókòó. Murai ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún un. Sanai tu kóró rẹ̀ sínú gọ́tà, ó ní orúnkún ń dun òun, ó lọ sílé.

Nígbà tí mo ń fọ idà létí kànga, Yasuma wá bá mi. Kò sí ọmọ ìjòyè tó ti wá dúró tì mí rí.

"Roku, kí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ kẹ́yìn?"

Mo da omi sí ojú idà. "Orúkọ rẹ ló pè."

Ó mi orí lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni tí wọ́n fún ní oúnjẹ. "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé nítorí mi ló ṣe kọ ọ́." Ó nu ojú. "Ṣé ó jìyà?"

"Rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

"Ọpẹ́ ni fún ọ."

Ó tẹ orí ba fún mi, fún tẹ̀tù, ó sì lọ. Mi ò sọ fún un pé kì í ṣe èmi ló yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ẹni tó fá ọrùn yẹn lánàá ló jẹ́ kí idà mi má yọ̀.